Ìsàmì Ọmọ Chinda

Ohun tó kọ́kọ́ já mi láyà ní Pọ́tákọ̀ọ̀tù, ṣọ́ọ̀ṣì ni.

Iṣẹ́ kọ́sítọ́ọ̀mù ni ọkọ mi ń ṣe, kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún un. Ọdún 1999 ni wọ́n gbé e kúrò ní Abẹ́òkúta lọ síbẹ̀, a sì gba yàrá méjì ní Rumuokwurushi, èmi, òun àti Mónìkà, ọmọ kan ṣoṣo tí Ọlọ́run fún wa. Ní Sọ́ńdè àkọ́kọ́, mo ró ìró mi dáadáa, mo mú ìwé orin Yorùbá mi dání, mo lọ sí Míísà. Èdè Òyìnbó ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó di ìwàásù, Fáda bọ́ sí èdè Ìgbò. Nígbà tó di ìfilọ̀, ó di Píjìn, gbogbo èèyàn sì bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, kí wọ́n má baà mọ̀ pé mi ò gbọ́. Ìwé tí mo kà kò pọ̀, ó kàn tó fún mi láti ka orin àti àdúrà ni. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí mo gbọ́ délẹ̀ lọ́jọ́ yẹn ni “Àmín”.

Nígbà tó yá, ẹ̀rí ọkàn ń dà mí láàmú nítorí ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀. Báwo ni èèyàn ṣe ń jẹ́wọ́ ní èdè tí kò gbọ́? Mo lọ kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Fáda ní Yorùbá, mi ò fi ohunkóhun pa mọ́. Fáda jẹ́ kí n parí. Ó wá ní, “Mama, God don hear. Me, I no hear.” Ó sì fún mi ní ìdáríjì. Mo rẹ́rìn-ín délé.

Ògì ni mo ń tà. Mo ń rẹ àgbàdo, mo ń gbé e lọ fún ọlọ́lọ̀, mo ń sẹ́ ẹ, mo wá ń gbé e jáde sí ẹ̀bá títì láàárọ̀. “Ògì rè é o! Ògì tó kúnná!” Àwọn èèyàn á wò mí, wọ́n á kọjá. Ògì tí mo bá gbé jáde, òun náà ni mo ń gbé padà wọlé. Obìnrin Ìgbò kan tó ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísun lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ló ṣàánú mi. Ó wá ṣí abọ́ mi wò, ó pòṣé.

“Mama Monica, na akamu be this now! Wetin be ogi? Talk akamu make people hear!”

Lọ́jọ́ kejì, mo pariwo “Akamu!” Oòrùn ò tíì ran tí abọ́ fi mọ́ féfé. Ọkọ mi ní àfi bíi pé mo ti gba ipò ọba. Ẹ̀rín ni mo fi í rín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi. Ohun jíjẹ lè wà níwájú ẹni tí ebi ń pa, kó sì kọjá lọ nítorí pé orúkọ tí o pè é kọ́ ni òun mọ̀ ọ́n sí.

Nígbà tí fóònù dé, mo máa ń lọ sábẹ́ agboòrùn àwọn tó ń ta ìpè, mo máa ń pe ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Ìyá Rẹ̀mí, ní Abẹ́òkúta. Ohùn rẹ̀ nìkan tó láti mú mi la ọ̀sẹ̀ kan já.

“Ṣé àwọn ará ibẹ̀ ń kí èèyàn?” Bó ṣe máa ń bi mí nìyẹn.

“Wọ́n ń kí èèyàn, Ẹ̀gbọ́n mi. Wọn kì í kúnlẹ̀ ni.”

“Wọn kì í kúnlẹ̀! Wá sílé o.”

“Iṣẹ́ ọkọ mi ńkọ́?”

“Kó máa ṣe é. Ìwọ wá sílé.”

Mi ò lọ sílé. Ohun tó dá mi dúró kò pọ̀, inú ṣọ́ọ̀ṣì ni mo sì ti rí i. Ní Àdífẹ́ǹtì àkọ́kọ́ tí mo ṣe níbẹ̀, Fáda jáde nínú aṣọ elése àlùkò. Mo pe Ìyá Rẹ̀mí, mo bi í pé aṣọ wo ni Fáda wọn wọ̀. Ó ní elése àlùkò ni. Nígbà Kérésìmesì, funfun níbí, funfun lọ́hùn-ún. Ọjọ́ tí wọ́n ń fi imọ̀ ọ̀pẹ jó nílé ni àwa náà ń fi í jó ní Rumuokwurushi, èyí tiwa kàn ń gba ojú títì kọjá láàárín ọkọ̀ akẹ́rù ni. Mo wá mọ̀ pé èèyàn lè má gbọ́ èdè ilé kan, kó sì mọ ibi tí wọ́n ń gbé àga sí níbẹ̀. Láti ìgbà náà, tí wọ́n bá bi mí pé ìgbà wo ni nǹkan kan ṣẹlẹ̀, mi kì í dárúkọ oṣù. Mo máa ń ní, “Nínú Lẹ́ńtì ni,” tàbí “Lẹ́yìn Pẹ́ńtíkọ́sì.”

Ọkọ mi fẹ̀yìn tì, kò sì pẹ́ tó fi kú. A gbé e lọ sílé lọ sin. Àwọn èèyàn wa rò pé mo ti dé nìyẹn. Ṣùgbọ́n Pọ́tákọ̀ọ̀tù ni Mónìkà ti dàgbà, ibẹ̀ ló ti ríṣẹ́, ibẹ̀ ló sì ti rí ọkọ. Mo padà síbẹ̀ lọ bá a.

Kí n sọ̀rọ̀ Mónìkà kí ẹ lè lóye ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọmọ náà ń gbọ́ Yorùbá bí ẹni tó ń gbọ́ rédíò tí bátìrì rẹ̀ ń kú lọ. Ó ń mú ọ̀rọ̀ kan níbí, ó ń mú ọ̀kan lọ́hùn-ún, ó ń fi òye dí ìyókù. Ó máa ń kí mi ní Yorùbá, ó máa ń ní, “Ẹ kú ilé, Màmá,” nígbà tó jẹ́ pé èmi ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé bọ̀.

Ọkọ rẹ̀ ń jẹ́ Chinda. Ọmọ Ikwerre ni, ó ń bá àwọn tó ń tún ẹ̀rọ epo rọ̀bì ṣe ṣiṣẹ́, ní Woji ni wọ́n ń gbé. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni. Ìjọ àwọn ẹlẹ́mìí ló ń lọ, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti so wọ́n pọ̀. Gbẹ́rẹ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Nígbà tó wà ní kékeré tí gìrì ń mú un, ìyá bàbá rẹ̀ ló mú un lọ síbi tí wọ́n ti sín in. Ní ilé ìwé, wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tó dàgbà, tó di ọmọ ìjọ, wọ́n tún sọ fún un pé májẹ̀mú òrìṣà ni. Ó búra pé abẹ ò ní kan ara ọmọ òun láéláé.

Ìbẹ̀rẹ̀ Àdífẹ́ǹtì ni Mónìkà bímọ, obìnrin. Gíréèsì ni bàbá rẹ̀ sọ ọ́, Oore ni mo ń pè é. Mo kó aṣọ mi, mo lọ sí Woji lọ wẹ ọmọ. Àwọn ará ibẹ̀ ń pè é ní ọmúgwọ̀, inú Chinda sì dùn gan-an. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan tó dára ni a lò. Nígbà náà ni èéfín dúdú tí wọ́n ń pè ní sóòtù ń jábọ́ láti ojú ọ̀run, láti ibi tí àwọn kan ti ń se epo rọ̀bì nínú igbó. Tí o bá sá aṣọ ọmọ funfun láàárọ̀, dúdú lo máa ká. Inú ilé ni mo ń sá tiwa sí.

Nígbà tí Kérésìmesì kọjá, mo sọ fún Mónìkà pé, “Ìgbà wo la máa ṣe ìsàmì ọmọ yìí? Lọ sọ fún ọkọ rẹ.”

Ìsàmì ni àwa ń pè é. Àwọn tó ń ri èèyàn bọ omi pátápátá ń pe tiwọn ní ìrìbọmi. Àwa tí a ń da omi sí ọmọ lórí, ìsàmì la ní. Àṣé Mónìkà ò gbọ́ ọ̀rọ̀ náà rí. Èdè Òyìnbó ni wọ́n fi kọ́ ọ ní katikísìmù, “baptism” ló mọ̀. Àmì ló gbọ́ lẹ́nu mi. Àmì, ó mọ ìyẹn: ilà ni àmì, gbẹ́rẹ́ ni àmì. Ó wọlé tọ ọkọ rẹ̀, ó ní, “Mama wan put mark for baby.”

Èmi ò mọ̀ o. Ẹ̀yìn ìgbà tí gbogbo rẹ̀ kọjá ni wọ́n tó sọ fún mi.

Ohun tí mo mọ̀ ni pé ilé tutù. Chinda ṣì ń kí mi, ó ṣì ń bi mí bóyá mo jẹun, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kì í kúrò lára ọwọ́ mi. Mo fẹ́ gé èékánná, mi ò rí abẹ mi. Ọ̀bẹ kékeré tí mo fi ń bó ọsàn, mi ò rí i. Tí mo bá gbé Oore lọ wẹ̀, Mónìkà á ní, “Màmá, ẹ jẹ́ kí ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí.” Tí mo bá gbé ọmọ náà pọ̀n, ẹnì kan á tẹ̀ lé mi kúrò ní yàrá. Chinda ò lè bi mí léèrè, nítorí pé ìyá ìyàwó òun ni mí, ó ń bọ̀wọ̀ fún mi. Èmi náà ò lè bi í, nítorí pé inú ilé rẹ̀ ni mo wà. Ọ̀wọ̀ yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ bà wá jẹ́.

Mónìkà nìkan ni mo ń fún lọ́rùn.

“Ṣé o ti bá a sọ ọ́?”

“Mo ti sọ, Màmá. Kò gbà. Ó ní over his dead body.”

“Nítorí ìsàmì? Kí ló burú níbẹ̀? Gbogbo wa ni wọ́n ṣe é fún. Ìwọ gan-an, a ṣe é fún ọ.”

Ó dìde fùú. “Èmi? Where una put am?”

“Orí ni. Níbo là bá tún fi sí?”

Ó lọ síwájú dígí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun rẹ̀ wò, níbí, lọ́hùn-ún, títí dé ìpàkọ́. Mo sọ nínú ara mi pé iná orí ń yọ ọ́ lẹ́nu. Mo ní kó lọ ra ọṣẹ dúdú.

Bẹ́ẹ̀ ni Ọjọ́rú Eléérú dé. Mo lọ sí Míísà àárọ̀, Fáda fi eérú ya àgbélébùú sí mi níwájú orí. Mo padà sí Woji, Oore ń ké, mo gbé e, mo fi iwájú orí mi kan tirẹ̀ bí mo ṣe máa ń ṣe, ó dákẹ́. Ibẹ̀ ni Chinda ti wọlé. Ó rí ìlà dúdú níwájú orí ọmọ rẹ̀.

Mi ò gbọ́ kí ó pariwo rí títí di ọjọ́ yẹn.

“Mama! You don do am? You don mark my pikin?”

Ó já ọmọ gbà lọ́wọ́ mi. Ó ń fi ọwọ́ ẹ̀wù rẹ̀ nu iwájú orí rẹ̀, ó ń wá ẹ̀jẹ̀. Mo ní, “My son, na ash. Na only ash.” Ó ní eérú ni wọ́n fi ra tòun náà wọlé lọ́jọ́sí. Mi ò mọ ohun tó ń sọ. Mo rò pé ìjọ Àgùdà ló kórìíra tó bẹ́ẹ̀.

Nígbà tó ti mí délẹ̀, ó bá mi sọ̀rọ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ó ní kí n má bínú. Ó ní òun máa gbé mi padà sí Rumuokwurushi, kí n lọ sinmi. Mo mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ìsinmi yẹn. Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀, ó gbé báàgì mi dé ẹnu ọ̀nà, ó dọ̀bálẹ̀ bí àwọn ọmọ wa ṣe máa ń ṣe, Mónìkà ló kọ́ ọ. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Mo ti gba ààwẹ̀ Lẹ́ńtì láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọge. Mo ti yẹra fún ẹran, fún ṣúgà, fún ìbínú. Ọdún yẹn, ọmọ ọwọ́ ni wọ́n gbà lọ́wọ́ mi, kì í ṣe èmi ni mo sì fi í sílẹ̀. Ní gbogbo Ẹtì, mo máa ń tẹ̀ lé wọn rin Ọ̀nà Àgbélébùú. Tí wọ́n bá dé ibi tí Jésù ti pàdé ìyá rẹ̀, mi kì í lè dìde ní kíá. Ìyá Rẹ̀mí pè.

“Wọ́n lé ọ?”

“Wọn ò lé mi. Wọ́n ní kí n sinmi.”

“Lílé ni. Wá sílé, ọmọ ìyá mi. Kí lo tún ń wá níbẹ̀?”

“Wọn ò tíì ṣe ìsàmì ọmọ náà.”

Owó ìpè tán níbẹ̀.

Sọ́ńdè Ọ̀pẹ ku díẹ̀ nígbà tí Mónìkà pè mí, ó ń sunkún, mi ò gbọ́ ju “Màmá, hospital” lọ. Mo pa abọ́ ògì dé, mo wọ ọkọ̀.

Èéfín yẹn ló wọ ọmọ náà láyà. Wọ́n ti fi rọ́bà afẹ́fẹ́ sí i nímú. Egungun ìhà rẹ̀ ń wọlé, ó ń jáde. Kì í ké mọ́. Ẹni tó máa ké gbọ́dọ̀ ní èémí. Dókítà ti ní àwọn ń ṣe ohun tí àwọn lè ṣe, gbogbo wa sì mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Chinda ti lọ ra oògùn. Èmi àti Mónìkà nìkan la wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Mo mú igò omi jáde nínú báàgì mi.

“Mónì, jẹ́ kí n ṣe ìsàmì fún un níbí báyìí.”

Ó nà tàntàn sórí ọmọ náà. “Màmá, ẹ jọ̀ọ́! Ẹ má mú abẹ jáde! Ẹ wo ara rẹ̀, kò sí ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀!”

“Abẹ kí ni?”

“Abẹ tí ẹ fẹ́ fi sín in!”

Mo wo igò tó wà lọ́wọ́ mi. “Ta ní ń fi abẹ ṣe ìsàmì? Omi ni. Omi, kí n dà á sí i lórí, kí n dárúkọ Baba, àti ti Ọmọ…”

“Water?” Ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. “Jésù. Na baptism? Màmá, na baptism una dey talk since?”

Chinda ti wà lẹ́nu ọ̀nà, ọ̀rá oògùn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mi ò mọ ìgbà tó dé. Mónìkà kọjú sí i, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún. “No be mark! Na baptism! Na me no hear Yoruba!”

Chinda jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi tó wà. Ó fi ọwọ́ kan gbẹ́rẹ́ ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀, ọ̀kan, lẹ́yìn náà èkejì. Nígbà náà ni wọ́n wá là á yé mi, àwọn méjèèjì, tí ọ̀rọ̀ wọn ń gba ara wọn lórí.

Ẹ máa rò pé ó ti parí nìyẹn. Kò parí. Chinda dìde, ó nu ojú rẹ̀.

“Mama, sorry. I sorry well well. But my church no dey do am for small pikin. When she grow, she go choose by herself.”

Ó kọ ẹ̀yìn sí mi, ó tẹ̀ sórí ọmọ rẹ̀. Ìka mi wà lórí ìdérí igò. Katikíìsì wa ní Abẹ́òkúta ti kọ́ wa láti kékeré pé tí ikú bá súnmọ́, ẹnikẹ́ni ló lè ṣe é, kódà ẹni tó ń ta ògì. Omi tí kò tó ẹkún ìdérí ti tó. Wọn ì bá má tilẹ̀ rí mi. Ṣùgbọ́n mo rò ó. Tí mo bá jí i ṣe, ọkàn mi á balẹ̀ o, àmọ́ gbogbo ẹ̀rù tó ti ń ba ọkùnrin yìí látọjọ́ yìí á wá di òtítọ́: pé ìyá àgbà kan fi ọwọ́ bọ ara ọmọ òun lẹ́yìn òun. Ẹnì kan ti ṣe ìyẹn fún un rí.

Mo gbé igò náà wá síwájú rẹ̀. Mo kúnlẹ̀. Kò tọ́ kí àgbà kúnlẹ̀ fún àna rẹ̀, mo mọ̀.

“My son, I no go thief am. Na you get pikin. I dey beg.”

“Mama, stand up, abeg.”

“I dey beg.”

Ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ ń kùn. Chinda ń wo àyà ọmọ, bó ṣe ń wọlé tó ń jáde, ó wò ó títí ó fi dà bíi pé ó ti gbàgbé pé mo wà nílẹ̀.

“E go cold am?”

“Small.”

Ó gba igò lọ́wọ́ mi, ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ká a mọ́ra, ó ń yí i, ó ń yí i, bí ẹni tó fẹ́ kí omi náà lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ó wá dá a padà fún mi. “Make I hold the head,” ó ní.

Ó fi ọwọ́ ńlá rẹ̀ gbé orí ọmọ sókè díẹ̀. Mo da omi náà lẹ́ẹ̀mẹta. Ní orúkọ Baba. Àti ti Ọmọ. Àti ti Ẹ̀mí Mímọ́.

Oore ta gìrì. Ojú rẹ̀ là, ẹnu rẹ̀ là, àyà rẹ̀ gbé sókè, ó wá figbe ta. Igbe tí gbogbo wọ́ọ̀dù gbọ́. Nọ́ọ̀sì sáré wọlé, ó rí irun ọmọ tó tutù, ó rí irọ̀rí tó rin.

“Who pour water for this pikin head? For oxygen? Una dey craze for here?”

Igò ṣì wà lọ́wọ́ mi. Chinda na ọwọ́, ó gbà á.

“Na me,” ó ní.

Nọ́ọ̀sì yẹn bú u, ẹ gbọ́ mi, ó bú u débi pé àwọn aláìsàn yàrá kejì ń bá a bẹ̀bẹ̀. “Big man like you! Engineer! See your head!” Ó ń sọ ọ́, ó ń nu ọmọ, ó ń gbọ́ àyà rẹ̀. Chinda dúró, ó tẹ orí ba, ó ń ní, “Sorry, Aunty. No vex, Aunty.” Lójijì, nọ́ọ̀sì náà dákẹ́. Ó tún gbọ́ àyà ọmọ lẹ́ẹ̀kan sí i, èémí ti ń wọlé síbẹ̀ dáadáa, ó wo Chinda, ó wo igò ọwọ́ rẹ̀, ó lọ pe dókítà.

Oore ò dákẹ́. Òun nìyẹn títí di òní. Tí wọ́n bá gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ ní Woji, èmi tí mo wà ní Rumuokwurushi fẹ́rẹ̀ẹ́ lè gbọ́.